Oorun Orí Ibùsùn Àjèjì: Ṣé Àyẹ̀wò Òru Kan Lè Sọ Òótọ́ Nípa Bí Mo Ṣe Ń Sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọkọ mi ní mo máa ń hanrun gan-an lóru, pé nígbà míì èémí mi á dúró díẹ̀ kí n tó ta gìrì. Dókítà tó ń tọ́jú mi ti ní kí n lọ sùn mọ́jú ní ilé àyẹ̀wò oorun. Ìṣòro mi ni pé mi ò kì í rí oorun sùn níbi tí kì í ṣe ilé mi. Bí mo bá rìnrìn àjò, ilẹ̀ òru àkọ́kọ́ máa ń mọ́ mọ́ mi lójú ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò yìí rí, ó ní wáyà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ òun látorí dẹ́sẹ̀, òun ò sì sùn rárá. Bí tèmi náà bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé èsì tí wọ́n máa fún mi á jẹ́ òótọ́? Ṣé kò ní dáa kí n ṣe é nílé? Ṣé mo sì lè gbé ìrọ̀rí mi dání?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ọjọ́ náà tó pé. Púpọ̀ nínú àwọn tí irú ẹ̀rù yìí ń bà kì í sọ ọ́ jáde. Wọ́n á kàn máa sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú títí ọ̀rọ̀ náà á fi kú sí wọn nínú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ falẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí. Lóòótọ́, oorun tí ẹ máa sùn níbẹ̀ kò ní dùn tó ti ilé. Àmọ́ kì í ṣe oorun aládùn ni àyẹ̀wò yìí ń wá. Ohun tó ń wá ni ohun tí ọ̀fun, àyà, ọkàn àti ọpọlọ yín ń ṣe nígbà tí oorun bá gbé yín lọ, ìyẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà nítorí pé ẹ kúrò nílé. Àwọn ibi kan wà tí ibùsùn àjèjì ti lè da èsì rú, ṣùgbọ́n a mọ̀ wọ́n, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń dà á rú. Àwọn ibi wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ.

Ohun tó máa ń ṣe yín lẹ́nu ìrìn àjò kì í ṣe yín nìkan. Ní 1966, àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Agnew, Webb àti Williams, fi àkọsílẹ̀ ìgbì ọpọlọ hàn pé oorun òru àkọ́kọ́ ní yàrá àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ti àwọn òru tó tẹ̀ lé e. Oorun kì í tètè kunni. Èèyàn á máa tají léraléra, oorun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ á pọ̀, oorun alálàá tí a ń pè ní REM á pẹ́ kó tó dé, kò sì ní pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Ní 2016, Masako Tamaki, Yuka Sasaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà tún rí ohun kan tó là wá lóye sí i. Ní òru àkọ́kọ́ níbi àjèjì, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra tó apá ọ̀tún. Wọ́n ń fi ìró kékeré sí etí àwọn tó ń sùn. Ìró tó bá gba etí ọ̀tún wọlé, èyí tó ń lọ sí apá òsì ọpọlọ, ló ń tètè jí wọn. Nígbà tí wọ́n padà wá sùn níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Ara ló ń ṣọ́nà níbi tí kò tíì mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe ìwà yín, kì í sì í ṣe àìlera ọkàn, nítorí náà ẹ má bá ara yín jà lórí rẹ̀. Ìjà yẹn gan-an máa ń lé oorun lọ ju ibùsùn àjèjì lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí wọ́n máa kà. Wọ́n á lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ awọ orí láti gba ìgbì ọpọlọ, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú láti mọ bí ẹyinjú ṣe ń yí, mọ́ àgbọ̀n àti ojúgun láti mọ bí iṣan ṣe ń le tàbí dẹ̀, àti mọ́ àyà nítorí ọkàn. Rọ́bà kékeré kan á wà nímú tí yóò máa wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde, bẹ́líìtì kan á wà láyà, òmíràn níkùn, ohun kan á sì di ìka mú láti máa ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ sórí kọ̀ǹpútà ní yàrá mìíràn, níbi tí òṣìṣẹ́ kan jókòó tì í mọ́jú.

Bí afẹ́fẹ́ bá dá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kà á. Bí kò bá dá dúró pátápátá ṣùgbọ́n tó dínkù gan-an, tí ọ́síjìn sì já wálẹ̀ tàbí tí ọpọlọ tají nítorí rẹ̀, wọ́n á kà á pẹ̀lú. Wọ́n á wá pín gbogbo rẹ̀ sí iye wákàtí tí ẹ fi sùn. Iye tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní AHI. Bó bá wà láàárín 5 sí 15 ní wákàtí kan, àìsàn náà wà ṣùgbọ́n kò tíì le. Láti 15 sí 30, ó ti ń le. Láti 30 lọ sókè, ó le gan-an.

Wákàtí tí ẹ fi sùn ni mo wí o, kì í ṣe wákàtí tí ẹ fi wà lórí ibùsùn. Bí ẹ bá lajú sílẹ̀ fún wákàtí méjì, wọn ò ní kà á mọ́ ọn. Bó bá sì jẹ́ wákàtí mẹ́rin péré lẹ sùn, tó jẹ́ pé èémí yín ń dúró lóòótọ́, á ti hàn nínú mẹ́rin yẹn. Ọ̀fun tó ń dí kì í dúró dìgbà tí oorun bá wọra kó tó dí, kò sì mọ̀ bóyá ibùsùn àjèjì ni òun wà. Ìdí nìyí tí òru kan ṣoṣo fi sábà máa ń tó fún àgbàlagbà tí a fura pé èémí rẹ̀ ń dí lójú oorun.

Ibi méjì wà tí mo ti máa ń ṣọ́ra gidigidi bí mo bá ń ka èsì.

Èkíní ni REM. Nígbà tí èèyàn bá wà nínú oorun alálàá, iṣan ara á rọ jọwọrọ, àfi èyí tó ń yí ẹyinjú àti iṣan pẹrẹsẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn tí a fi ń mí. Ti ọ̀fun náà á rọ. Fún àwọn kan, pàápàá àwa tí a jẹ́ obìnrin, ìgbà yìí gan-an ni èémí ń dúró jù, tó ń pẹ́ kó tó padà, tí ọ́síjìn sì ń já wálẹ̀ jù. Oorun alálàá yìí kan náà ni ibùsùn àjèjì máa ń jí gbé lọ́wọ́ èèyàn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin oorun àgbàlagbà ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ òru àkọ́kọ́ lè máà ní ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ rántí pé ìdájí ni REM máa ń pọ̀ jù lọ. Ilé àyẹ̀wò tó bá tan iná ní aago márùn-ún ìdájí nítorí pé òṣìṣẹ́ fẹ́ palẹ̀ mọ́ ti gé oorun yẹn dànù. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí rárá. Obìnrin tí kò rí oorun sùn títí di aago kan òru, tí wọ́n jí ní márùn-ún, tí wọ́n wá kọ fún un pé kò sí ohun tó ń ṣe é, wọn ò tíì wo ibi tí àìsàn náà ń gbé. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń paná àti aago tí wọ́n ń jíni. Bí aago wọn bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ìgbà tí ẹ máa ń sùn nílé, ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n lè ṣètò kí ẹ pẹ́ díẹ̀ lórí ibùsùn láàárọ̀.

Èkejì ni bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wáyà bá wà lára wọn máa ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n kọjú sókè, wọn ò ní fẹ́ yíra, kí nǹkan kan má baà já. Bí èèyàn bá sì kọjú sókè sùn, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun á fà sẹ́yìn, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á sì há. Iye tó máa jáde lè wá ga ju èyí tí ẹni tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn nílé ní lọ. Ẹ ò rí i pé méjèèjì kò dojú kọ ibì kan náà: àìtó REM ń fa iye wálẹ̀, fífi ẹ̀yìn sùn ń tì í sókè. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í fi í tẹ́ mi lọ́rùn. Èsì tó dáa máa ń kọ iye tó jáde nígbà tí ẹ fi ẹ̀yìn sùn lọ́tọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀, ti REM lọ́tọ̀, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí dókítà yín fi hàn yín. Lóru ọjọ́ náà, ẹ yíra bí ara yín bá ṣe fẹ́. Wáyà náà gùn, bí ọ̀kan bá sì já, òṣìṣẹ́ á wọlé wá lẹ̀ ẹ́ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ariwo gba àlàyé díẹ̀, nítorí etí kì í sùn. Ẹ fojú inú wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú òṣìṣẹ́. Ìlà ìgbì ọpọlọ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, oorun ti wọ ìpele kejì, ìyẹn oorun tí kò tíì wọra. Ẹnì kan pa ilẹ̀kùn dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kíá, ìgbì ńlá kan á fò sókè, á já wálẹ̀, ìlà náà á sì padà sí bó ṣe wà. K-complex la ń pe ìgbì yẹn. Ẹni tó ń sùn kò mira, kò sì ní rántí nǹkan kan. Bí ìró náà bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, iṣan àgbọ̀n lè le, ọkàn á sáré díẹ̀. Bí ìyára náà bá pé ìṣẹ́jú àáyá 3, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ tají. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí èèyàn sì jí pẹ̀lú ara wíwúwo láìmọ ohun tó fà á.

Ẹni tó ń ka èsì máa ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú títají yẹn. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbóhùn ń ṣiṣẹ́ lórí aago kan náà pẹ̀lú wáyà. Ṣé ilẹ̀kùn ló dún? Àbí àyà àti ikùn ti ń fà láti ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí afẹ́fẹ́ kò sì gba imú wọlé? Méjèèjì kò jọra rárá. Ariwo lè jí èèyàn, ṣùgbọ́n kì í dí ọ̀fun, kì í sì í já ọ́síjìn wálẹ̀. Fún irú àyẹ̀wò tiyín yìí, ariwo máa ń ba oorun jẹ́ ju bó ṣe ń ba èsì jẹ́ lọ. Ibi tó ti ń ṣe ìpalára gidi ni àyẹ̀wò àwọn tí oorun ń kùn lọ́sàn-án, tí wọ́n máa ń ní kí wọ́n tún sùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ọjọ́ kejì. Ó yẹ kí ẹni náà ti sùn tó wákàtí 6, ó kéré tán, ní òru tó ṣáájú. Bí ariwo bá jí oorun yẹn gbé, ó lè tètè sùn lọ́sàn-án nítorí gbèsè oorun, kí wọ́n wá pè é ní àìsàn.

Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí ariwo tó ń lọ láìdákẹ́ nínú yàrá tí èèyàn ń sùn má ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 30 lọ, kí èyí tó bá dún lójijì má sì kọjá 45. Ẹsẹ̀ tó ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ohùn tí kò rẹlẹ̀ lè kọjá ìyẹn. Ìró tó ń lọ déédéé, bíi ti fáànù, kò burú tó èyí tó ń dún tó tún ń dákẹ́. Bí ẹ bá ń tan fáànù sùn nílé, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi ọ̀kan síbẹ̀ fún yín. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá sì ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ìyọlẹ́nu.

Ooru náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí oorun tó dé, ara máa ń tú ooru inú rẹ̀ jáde gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ooru inú á sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 1 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lóru. Yàrá tó móoru kì í jẹ́ kó lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Nínú REM, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn tàbí kó gbọ̀n láti bójú tó ooru ara rẹ̀, nítorí náà REM wà lára ohun tí ooru tàbí òtútù àpọ̀jù ń gé kúrú. Òógùn tún ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Ìlà ìgbì ọpọlọ á máa fì lọ fì bọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní ìdákọ̀ró, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé ìgbì oorun àsùnwọra ni. Ó wà lára ìdí tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí yàrá àyẹ̀wò tutù díẹ̀. Bí òtútù bá mú yín, ẹ má pa á mọ́ra, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní aṣọ ìbora sí i.

Ti ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Kámẹ́rà tó ń wò yín ń ríran nínú òkùnkùn, kò nílò iná rárá, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n bo iná kékeré tó bá ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, kí ẹ sì pa fóònù yín tì ṣáájú kí wọ́n tó paná. Ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ ń dí ọpọlọ lọ́wọ́ láti tú melatonin sílẹ̀, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú.

Mo mọ̀ pé ti kámẹ́rà yìí gan-an lè máa kọ yín lóminú. Yàrá kan, ẹnì kan ni ó yẹ kó jẹ́. Òṣìṣẹ́ kò jókòó máa wo ojú yín. Ìlà orí kọ̀ǹpútà ló ń wò, fídíò sì wà láti mọ̀ bóyá ẹ yíra, ẹ sọ̀rọ̀, tàbí ẹsẹ̀ yín ta. Bí ẹ bá fẹ́ kí obìnrin ni ó so wáyà mọ́ yín, ẹ béèrè nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín lóru, ẹ kàn pè wọ́n. Gbogbo wáyà já sínú àpótí kékeré kan tí wọ́n máa ń yọ, tí ẹ ó sì gbé dání lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín tó ní òun kò sùn rárá, mo gbà pé bó ṣe rí lára wọn nìyẹn. Àmọ́ oorun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí títají ń já sí wẹ́wẹ́ sábà máa ń jọ àìsùn lójú ẹni tó sùn ún. Mo ti rí àwọn tó búra láàárọ̀ pé ojú àwọn kò pa dé, tó sì jẹ́ pé wákàtí púpọ̀ ni oorun wọn lórí àkọsílẹ̀. Ohun tó tún máa ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu ni pé àwọn kan tí kì í rí oorun sùn nílé máa ń sùn dáadáa nílé àyẹ̀wò. Ibùsùn ilé ti di ibi ìrònú fún wọn. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí rẹ̀, oorun dé.

Ẹ béèrè bóyá kò ní dáa kí ẹ ṣe é nílé. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé wà, ibùsùn yín lẹ ó sì sùn sí, ìyẹn dára. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í gba ìgbì ọpọlọ, wọn ò mọ ìgbà tí ẹ sùn àti ìgbà tí ẹ lajú sílẹ̀. Gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń fi pín iye náà. Ẹni tó bá lajú sílẹ̀ ní ìdajì òru, iye tirẹ̀ á kéré ju bó ṣe rí lọ. Bí rọ́bà imú bá sì yọ, kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Ẹ̀rọ ilé lè tó fún ẹni tí gbogbo àmì fi hàn pé èémí rẹ̀ ń dí, tí kò ní àìsàn ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró tàbí iṣan tó le. Bó bá sì sọ pé kò sí nǹkan kan, tí àmì náà ṣì wà, ilé àyẹ̀wò lẹ máa padà lọ. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má yan ẹ̀rọ ilé nítorí ẹ̀rù òru àkọ́kọ́ nìkan.

Ìrọ̀rí yín? Ẹ gbé e dání, tayọ̀tayọ̀. Aṣọ oorun yín pẹ̀lú, èyí tó ṣí níwájú kí wáyà lè gbà á kọjá. Ẹ fọ irun, ẹ má fi òróró tàbí ìpara sí i, bí irun yín bá sì wà ní dídì, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú bí wọ́n ṣe fẹ́ kó wà, nítorí wáyà ní láti kan awọ orí. Ẹ má sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹ má mu ọtí torí pé ẹ fẹ́ kí oorun kùn yín: ó ń dẹ iṣan ọ̀fun, ó sì ń gé REM kù. Oògùn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì fi oògùn oorun kún un láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀, wọ́n á fún yín ní ìwé kan láti kọ bí òru náà ṣe rí. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀: ariwo tí ẹ gbọ́, òtútù tó mú yín, bóyá ẹ kò yíra nítorí wáyà, bóyá oorun náà jọ ti ilé tàbí kò jọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín náà kọ ohun tó ń rí lóru nílé sílẹ̀, kó gba ohùn ìhanrun yín sórí fóònù bó bá lè ṣeé ṣe, kí ẹ sì fún dókítà. Bí èsì bá wá sọ pé kò sí nǹkan kan, tí ẹ sì rí i pé REM inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tàbí pé ẹ kò fi ẹ̀yìn sùn rárá, tí ọkọ yín ṣì ń rí i tí èémí yín ń dúró, ẹ ní kí wọ́n tún òru kejì ṣe. Ara á ti mọ ibẹ̀ díẹ̀ nígbà náà.